Thunder Balógun: ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ìtàn “Íńdíà 99, Nàìjíríà 1”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Òkòkò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tẹ́ ẹ ki ìgbọ́hùn bọ etí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, gbogbo yín ni mo kí. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà yìí ni ohun tí mo sọ lórí ètò wa lọ́sẹ̀ yìí. Mo kàn yọ “ẹn-ẹ́n” àti “ṣé ẹ gbọ́” tó pọ̀ jù kúrò ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ tí Íńdíà gbá góòlù 99 wọlé Nàìjíríà, ta ló gbá ẹyọ kan wa wọlé?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo dàgbà sí, láàárín Ìjànìkin sí Òkòkò, kò sí ọmọdé tí kò mọ ìtàn yìí. Ẹ ti fi bàtà ṣe mọ́ńkí pọ́òsì lórí iyanrìn, ṣẹ́ẹ̀tì tó jẹ góòlù méjì ti jáde, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n ń retí ìgbà tó máa tún kàn wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan, tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, á ti bẹ̀rẹ̀. Pé àwọn Íńdíà wá pẹ̀lú oògùn. Pé bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé wa á rí bọ́ọ̀lù mọ́kànlá tó ń bọ̀. Ìgbà míì, orí kìnnìún ló máa rí. Ìgbà míì, iná. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá a wọlé títí ó fi di 99. Rẹfirí wá ní bí Nàìjíríà bá lè jẹ ẹyọ kan péré, àwa la gbá a. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ pupa di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, nítorí ẹsẹ̀ yẹn ń pààyàn, ìjọba ò gbà kó fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó tú aṣọ náà. Bọ́ọ̀lù di òkúta lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbá a bẹ́ẹ̀ náà, ó fọ́ aṣọ́lé Íńdíà láyà, ó ya nẹ́ẹ̀tì. Òun náà ṣubú lulẹ̀, ó kú. FIFA wá lé Íńdíà kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé.

Ẹ ò lè sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé irọ́ ni. Èmi fúnra mi jà nítorí ẹ̀ rí.

Bí ẹ bá wá béèrè orúkọ ẹni tó tú aṣọ pupa yẹn, orúkọ méjì ni wọ́n máa ń dá ní àdúgbò wa. Àwọn kan á ní Sam Okwaraji ni. Àwọn àgbà á mi orí, wọ́n á ní ẹ̀yin ọmọdé ò mọ nǹkan kan, Thunder Balógun ni.

Ti Okwaraji ò le. Ó kú lóòótọ́ lórí pápá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ní August 12, 1989, ní Súrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola. Kò sí Íńdíà níbẹ̀. Ikú rẹ̀ dun gbogbo ìlú débi pé àwọn èèyàn kàn mú un, wọ́n fi sínú ìtàn tó ti wà nílẹ̀.

Ti Thunder Balógun ni mo fẹ́ ká jókòó tì lónìí. Nítorí ọkùnrin yẹn wà. Ó ní orúkọ, ó ní iṣẹ́, ó ní iye góòlù tó jẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Pápá ìṣeré ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Súrùlérè, kọ́ndọ́kítọ̀ ń pariwo ẹ̀ka ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi àwọn mẹ́jọ lára àwọn tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀ pé ta ni Teslim Balogun, mẹ́rin ní gómìnà ni, ẹnìkan ní alágbàṣe tó kọ́ pápá náà ni. Àwọn mẹ́ta yòókù sọ ti Íńdíà fún mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ palẹ̀ Íńdíà mọ́. Ìṣẹ́jú 90 ni bọ́ọ̀lù. Góòlù 99 túmọ̀ sí ju ẹyọ kan lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, láìka ti pé lẹ́yìn góòlù kọ̀ọ̀kan ẹ gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù padà sí àárín. Iye tó pọ̀ jù lọ tí orílẹ̀-èdè kan gbá wọlé orílẹ̀-èdè míì nínú ìdíje FIFA ni 31, Australia ló gbá a wọlé American Samoa ní 2001, gbogbo ayé sì pariwo. Ká ní ẹnìkan jẹ 99, ẹ rò pé Google ò ní mọ̀?

Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ kí n ta gìrì nígbà tí mò ń ṣe ìwádìí ètò yìí. Íńdíà àti Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lóòótọ́. Kì í ṣe lórí pápá kan náà o, ìlú kan náà ni. Ní July 31, 1948, Íńdíà gbá bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì pẹ̀lú Faransé ní Ilford, ní ẹ̀gbẹ́ London. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ bàtà. Faransé jẹ méjì, Íńdíà jẹ ẹyọ kan, wọ́n sì fi pẹnáńtì méjì ṣòfò. Ní ọdún kejì, 1949, ẹgbẹ́ míì tún dé Ìlú Ọba láìwọ bàtà. Nàìjíríà ni. Ọmọ Èkó kan tó ga, tó sì sigbọnlẹ̀ wà láàárín wọn. Tèsílímì ni wọ́n ń pè é.

Tèsílímì Ọláwálé Àyìndé Balógun. Èkó ni wọ́n bí i sí, ní March 27, 1927. Ọmọ Èkó ni, àmọ́ Port Harcourt ló ti kàwé, ní St. Mary's, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ọmọ mùsùlùmí láti Èkó, nílé ìwé Kátólíìkì, ní ìlà-oòrùn. Nígbà yẹn ojú irin ló so ìlú pọ̀, ibi tí iṣẹ́ bá gbé bàbá ẹni lọ ni ọmọ á ti kàwé.

Ẹ má ronú nípa Premier League nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀bù ayé ọjọ́ún. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó bọ́ọ̀lù fún. Ilé iṣẹ́ ló ní ẹgbẹ́: Railway, Marine, àwọn oníṣòwò UAC, àwọn báńkì. O ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ náà láàárọ̀, o ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nírọ̀lẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá dáa, wọ́n á wáṣẹ́ fún ọ, ìyẹn ni owó tí bọ́ọ̀lù ń mú wá. Tèsílímì gbá fún Apapa Bombers, ó gbá fún Railway, ó gbá fún Pan Bank. Ife tí gbogbo wọn ń lé ni Governor's Cup, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, tó padà di Challenge Cup, òun náà ló di FA Cup tí a mọ̀ lónìí. Pápá tí wọ́n ti ń gbá àṣekágbá ni èyí tó wà ní Òníkàn, King George V ni wọ́n ń pè é nígbà náà, Mobolaji Johnson Arena ló ń jẹ́ báyìí. Ìdúró ọkọ̀ kan sí ibẹ̀, ẹ ó máa wo ọ̀sà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Thunder. Àrá. Nítorí bó ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin tó ga kọjá ẹsẹ̀ mẹ́fà, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù awọ ayé ọjọ́ún, èyí tó jẹ́ pé bí òjò bá ti pa á, ó di ẹrù. Bí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ lásán gbá èyí tí a ń lò lónìí tó fúyẹ́ yìí, ẹ mọ bó ṣe ń ta ẹsẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo tiwọn.

Bọ́ọ̀lù ò sì dá dúró láyé ìgbà yẹn. Nnamdi Azikiwe ti dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá tirẹ̀, ZAC, sílẹ̀ ní Èkó ní 1938. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kó wọn káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, bí èrò bá ti pé, Zik á bọ́ síta, á máa sọ̀rọ̀ òmìnira fún wọn. Òyìnbó náà rí i pé bọ́ọ̀lù ń kó èèyàn jọ. Lójú tèmi o, ara ìdí tí ìrìn-àjò 1949 fi ṣeé ṣe nìyẹn. Ìjọba amúnisìn fẹ́ kí ayé rí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bọ òyìnbó lọ́wọ́ lórí pápá.

Àwọn 18 ni wọ́n mú. Etim Henshaw ni balógun ẹgbẹ́ (ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dàrú mọ́ yín lójú, kápítẹ́ẹ̀nì ni mò ń wí). Sam Ibiam ló ń ṣọ́lé. Titus Okere wà níbẹ̀, Dan Anyiam wà níbẹ̀, John Dankaro láti òkè Ọya wà níbẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Apapa, wọ́n lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun, wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool ní August 29. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti wà lórí pápá ní Crosby, níwájú ẹgbẹ́ Marine ti ibẹ̀.

Àwọn òyìnbó wá wòran ẹsẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ tan ara yín jẹ, ohun tó kó wọn jáde nìyẹn. Aṣọ ni wọ́n fi di ọrùn ẹsẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wà níta, nígbà tí ẹni tó dojú kọ wọ́n wọ bàtà tó ní ìṣó nísàlẹ̀. Nàìjíríà gbá a, 5 sí 2.

Mo fẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀. Ẹ rántí aṣọ pupa inú ìtàn wa? Èmi ò lè búra, àmọ́ mo gbà pé ibẹ̀ ló ti wá. Àwòrán àwọn ọmọ yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹni tó rí àwòrán yẹn tó sì fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ ẹ̀ ìdí tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ Thunder, kí lẹ rò pé ó máa sọ? Pé kó má baà rọ́? Ìyẹn ò dùn.

Ìyókù ìrìn-àjò náà ò dùn tó ti Crosby. Ẹgbẹ́ Bishop Auckland, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó le jù láàárín àwọn tí kò gbowó ní England, borí wọn. Ooru àti iyanrìn ni ẹsẹ̀ lásán mọ̀, kò mọ òtútù àti ẹrọ̀fọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún. Wọ́n borí méjì, wọ́n ta ọ̀mì méjì, wọ́n pàdánù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Freetown, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n na Sierra Leone 2 sí 0. October 8, 1949. Ìyẹn ni wọ́n kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orílẹ̀-èdè míì. Super Eagles yín, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wọn délé láàyè. Kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù di òkúta lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ikú tó wà lọ́dún yẹn kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù: ní November 18, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn Freetown, ọlọ́pàá amúnisìn yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Enugu, èèyàn 21 kú. Ìjọba kan náà tó kó àwọn ọmọ wa lọ gbá bọ́ọ̀lù ni o.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá lọ sí kíríkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀, mo mọ̀, kò sẹ́ni tó ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì ní Ìjànìkin. Àmọ́ bí ẹ ò bá gbọ́ èyí, ẹ ò ní mọ ohun tí Tèsílímì pàdánù.

Lóṣù August 1949 yẹn gan-an, tí àwọn ọmọ wa gúnlẹ̀ sí Liverpool, ọmọ Barbados kan tó ń jẹ́ Everton Weekes wà ní Bacup, ìlú kékeré kan ní Lancashire níbẹ̀, kò jìnnà sí wọn. Bárbédíà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó tún ń jẹ́ Frank Worrell wà ní Radcliffe. Èèyàn dúdú ni àwọn méjèèjì, ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso bíi tiwa. Àmọ́ owó ni wọ́n ń gbà. Ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ làwọn ìlú yẹn, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ máa ń san owó wọlé wo kíríkẹ́ẹ̀tì, kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sì lè gba ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an kó wá máa gbowó.

Ẹni tó ṣí ọ̀nà yẹn fún wọn ni Learie Constantine, ọmọ Trinidad, ìran ẹrú. Ìlú Nelson, ní Lancashire kan náà, gbà á ní 1929, £500 fún sáà kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láyé ìgbà yẹn, òfin bọ́ọ̀lù England ò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kankan, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, gbà ju £8 lọ lọ́sẹ̀, £6 nígbà ẹ̀rùn. Kò tó £400 lọ́dún. Èèyàn dúdú oníkíríkẹ́ẹ̀tì kan ń gbowó ju agbábọ́ọ̀lù òyìnbó tó dáa jù lọ! Ọdún mẹ́sàn-án ló lò ní Nelson, wọ́n gba ife líìgì wọn nígbà méje níbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé wọn ò fojú dí i o. Ní 1943, òtẹ́ẹ̀lì Imperial ní London sọ fún un pé òun àti ẹbí rẹ̀ ò lè sùn síbẹ̀ ju alẹ́ kan lọ, torí pé dúdú ni wọ́n. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì borí ní 1944. Ó parí ayé rẹ̀ sí House of Lords, Lord Constantine.

Ní June 29, 1950, ẹgbẹ́ West Indies na England ní Lord's, ilé kíríkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọdékùnrin méjì tó ṣe é, Ramadhin àti Valentine, ò tíì gbá ju eré ńlá méjì péré lọ kí wọ́n tó mú wọn wá sí ìrìn-àjò yẹn. Àwọn ará Kàríbíánì tó wà ní London sáré wọ pápá, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Nítorí ẹnì kan lè wo ti Thunder kó ní “àwọn tiwa ò mọ̀ ọ́n tó ni.” Àwọn ọmọ Kàríbíánì ní ọ̀nà kan tí ẹlòmíì ti là sílẹ̀ fún wọn fún 20 ọdún. Bí Weekes ṣe ń dé Bacup, ó ti mọ iye tó máa gbà. Ọmọ tiwa padà wá sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, ó ń dúró. Ọdún mẹ́fà ló fi dúró.

August 1955 ni Tèsílímì tó padà sí Ìlú Ọba, Peterborough United ló gbà á. Ẹ wò ó: ọmọ ọdún 22 ló wà nígbà ìrìn-àjò àkọ́kọ́, ó ti di 28. Ọdún tó yẹ kó fi jẹun, ó ti fi gbá bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ní Òníkàn. Ó sì ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú bàtà, nínú òtútù, láàárín àwọn tó ti ń wọ̀ ọ́ láti kékeré. Peterborough ò tíì wà nínú líìgì ńlá nígbà náà, Midland League ni wọ́n wà, àmọ́ wọ́n le. George Swindin, tó ti ṣọ́lé fún Arsenal rí, ló ń darí wọn, wọ́n sì gba ife Midland League ní sáà yẹn gan-an. Tèsílímì ò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè. Ó kọjá sí Skegness Town, ìlú etíkun kékeré kan.

Nígbà tó fi máa di September 1956, Queens Park Rangers ní London pè é. Third Division South ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ló ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú Football League ti England. Ó gbá líìgì ní ìgbà 13, ó jẹ góòlù 3.

Mẹ́tàlá. Mẹ́ta. Gbogbo iye tó wà nínú ìwé àwọn òyìnbó nìyẹn. Bí ẹ bá ka nọ́ḿbà yẹn láìmọ ìtàn, ẹ ó ní kò ṣe nǹkan kan. Èmi, nígbà tí mo rí i, ńṣe ni mo dákẹ́. Ọmọ ọdún 29 ni. Lẹ́yìn sáà kan, ó lọ sí Holbeach United, kílọ́ọ̀bù kékeré, ó sì padà sílé.

Owó wo ló sì rí? Ní sáà yẹn, iye tó ga jù tí wọ́n lè san fún agbábọ́ọ̀lù ní England ni £15 lọ́sẹ̀, fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe Stanley Matthews. Nígbà tí wọ́n fi máa mú òfin yẹn kúrò ní January 1961, Thunder ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan o. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Balógun ni èèyàn dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbowó bọ́ọ̀lù ní England, ẹ má ṣe pín in. Arthur Wharton, tí wọ́n bí sí Accra ní 1865, ti ń ṣọ́lé gbowó níbẹ̀ láti 1889. Lindy Delapenha, ọmọ Jamaica, ti ń jẹ góòlù fún Middlesbrough ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ yìí. Steve Mokone ti South Africa wà ní Coventry lọ́dún 1956 kan náà. Titus Okere tí wọ́n jọ lọ ní 1949 ti gbìyànjú ní Swindon kó tó dé. Ohun tó jẹ́ ti Tèsílímì ni pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, òun ló kọ́kọ́ wọ inú líìgì. Ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ má bù ú mọ́ ọn. Ní 1960, Elkanah Onyeali gba ọ̀nà yẹn kan náà dé Tranmere Rovers.

Nígbà tó délé, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n máa ń sọ pé nínú àwọn ọmọ Áfíríkà, òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbàwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ohun tí òtútù Peterborough kọ́ ọ, ó kó o wálé wá fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Apá yìí nínú ayé rẹ̀ ni mo rò pé ó wúlò jù, òun náà ni àwọn èèyàn kì í sọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn ọkùnrin tó ń fọn fèrè ní pápá láàárọ̀ kùtù nígbà tí bọ́ọ̀lù òkúta wà nílẹ̀?

Ó kú ní July 30, 1972. Ọmọ ọdún 45. Ojú oorun ló kú sí, kì í ṣe orí pápá. Oṣù márùn-ún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, January 1973, Èkó gba àlejò All-Africa Games ní National Stadium tuntun ní Súrùlérè. Nàìjíríà gba góòlù nínú bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ tó wọ bàtà, níwájú ogunlọ́gọ̀ èrò. Kò rí i.

Lọ́dún 1984, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá míì, ẹ̀gbẹ́ National Stadium náà ni, wọ́n sì fún un lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń lọ. 2007 ni wọ́n parí ẹ̀. Ọdún 23! Àwọn ewéko ti hù láàárín sìmẹ́ńtì kí wọ́n tó rántí. Àga 24,325 ló wà níbẹ̀. Ní 2009, wọ́n gbá lára ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ níbẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì di ìtàn Íńdíà mú. FIFA ò lé Íńdíà. Àyè wà fún wọn láti lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1950 ní Brazil, àwọn fúnra wọn ni kò lọ. Àwọn èèyàn máa ń ní torí pé wọn ò gbà kí wọ́n gbá a láìwọ bàtà ni. Ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àlọ́. Ọ̀nà jìn, owó ń lọ, àwọn aláṣẹ wọn sì ka Òlíḿpíìkì sí ju ife náà lọ. Lọ́dún 1952, ní Òlíḿpíìkì Helsinki, wọ́n tún lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Yugoslavia gbá 10 wọlé wọn, wọ́n jẹ ẹyọ kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọ bàtà. Ẹ ò rí i? Góòlù tó pọ̀ rẹpẹtẹ sí ẹyọ kan, Íńdíà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ni wọ́n gbá a wọlé wọn. Bí ó ṣe rin ìrìn-àjò láti Helsinki dé Ìjànìkin tó sì yí padà, mo fi sílẹ̀ fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Òníkàn ní 1952 ti lé ní 80 báyìí. Wọ́n ṣì wà. Àwọn kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn kan ti kó wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá, wọ́n jókòó sí ìta ilé lálẹ́ pẹ̀lú rédíò. Bí bàbá àgbà yín bá wà lára wọn, tàbí ìyá àgbà (àwọn obìnrin náà wòran, ẹ má gbàgbé), ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tan fóònù, ẹ bi wọ́n: “Bàbá, ṣé ẹ rí Thunder rí?” Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá ní bọ́ọ̀lù di òkúta, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ kàn bi wọ́n pé kí ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́ta ò pọ̀ jù. A máa fi sí ètò tó ń bọ̀. Bẹ́tìrì mi ti kù díẹ̀, NEPA ò tíì mú iná dé. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.